Jack Johnson Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò àti Àwọn Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Rẹ̀

Ẹni tí ó bá gbéra láti Ìbàdàn tí ó ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, bí ó bá ti kọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjirè, Ìkirè ni ìlú ńlá tí yóò kọ́kọ́ kàn, kò sì ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí yóò fi dé Àpòmù. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ọ̀dọ̀ wọn rí. Nígbà tí àwọn òyìnbó la ọ̀nà irin láti Ìbàdàn dé Òṣogbo ní 1907, ìhà Ìwó àti Ẹdẹ ni wọ́n gbé e gbà. Nítorí náà, mọ́tò ni ó ń kó kòkó, ẹ̀pà àti dòdò Ìkirè jáde ní àgbègbè yìí, pàápàá ọkọ̀ alápákó tí àwọn bàbá wa ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, nítorí pé ìjà èrò àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í tán nínú rẹ̀. Nínú bọ̀lẹ̀kájà, ẹni tí ó lówó a san owó iwájú, a sì jókòó ti awakọ̀. Ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ a fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú ewúrẹ́ àti àpò gààrì. Owó ni ó ń ṣe ìdájọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń wo àwọ̀ ara ènìyàn kí ó tó fún un ní àyè.

Ní ilẹ̀ tí a ti bí ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí ènìyàn dúdú lówó tó ní apá gúúsù Amẹ́ríkà, yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú ni yóò jókòó sí nínú ọkọ̀ ojú irin. Òfin ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì fi ọwọ́ sí irú òfin náà ní 1896. Orúkọ ọkùnrin yìí ni Jack Johnson. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba adé ìjà ẹ̀ṣẹ́ gbogbo ayé láàrin àwọn tí ara wọn wúwo jù lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ó fẹ́ràn, tí ó ná owó lé lórí, tí ó bá àwọn ọlọ́pàá fa wàhálà nítorí rẹ̀, tí ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀ níkẹyìn. Ohun náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Àpòmù mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí ju ọmọ ibòmíràn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ṣòwò. Samuel Johnson òpìtàn, ẹni tí ó bá akànṣẹ́ yìí jẹ́ orúkọ ṣùgbọ́n tí kò bá a tan, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ a máa jí ènìyàn gbé ní ọjà náà tà, àti pé ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ataare níbẹ̀ ni ó tanná ran ogun Òwu ní nǹkan bí ọdún 1821. Àwọn tí a kó lẹ́rú bẹ́ẹ̀ ni a ń dà lọ sí etí òkun. Láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni irú ìyà yìí ti kó ènìyàn dúdú dé òdìkejì òkun, tí wọ́n fi di ẹni tí a ń rà, tí a ń tà, tí kò sì lè pinnu ibi tí ẹsẹ̀ òun yóò gbé òun lọ.

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, ọdún 1865, ọ̀gágun kan dé ìlú Galveston ní ìpínlẹ̀ Texas, ó sì kéde pé gbogbo ẹrú ìpínlẹ̀ náà ti di òmìnira. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìkéde yìí, ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 1878, ni a bí Jack Johnson ní ìlú Galveston kan náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìwé ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọdún díẹ̀ ni ọmọ náà lò ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ní èbúté, níbi tí àwọn alágbára ti ń ru ẹrù, tí wọ́n sì ń fi ìjà dá ara wọn lára yá. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lọ sí Dallas, ó sì rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń kun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní ọ̀dà. Ọ̀gá yìí fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́, òun ni ó sì fi ọ̀nà rẹ̀ han ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ojúlé kan náà ni Johnson ti pàdé ohun méjèèjì tí ó gba ọkàn rẹ̀ títí ó fi kú: ẹ̀ṣẹ́, àti ọkọ̀ tí a kùn tí ó ń dán.

Ní oṣù Kejì, ọdún 1901, akànṣẹ́ àgbà kan tí ń jẹ́ Joe Choynski wá sí Galveston, ó sì lu Johnson dákú ní ìpele kẹta. Òfin Texas kò fi àyè gba irú ìjà bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n kó àwọn méjèèjì sí àtìmọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú àtìmọ́lé yìí ni Choynski ti kọ́ ẹni tí ó lù ní ọgbọ́n ìjà: bí a ti í yẹ ẹ̀ṣẹ́, bí a ti í fi sùúrù dúró títí alátakò yóò fi rẹ ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti rí ojú Johnson gbá. A fún un ní adé tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú ní 1903, ṣùgbọ́n adé gbogbo ayé ni ojú rẹ̀ wà, àwọn funfun tí ó ń dé e sì kọ̀ láti bá a jà. Johnson lépa Tommy Burns, ọmọ Kánádà, káàkiri títí dé Australia. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1908, wọ́n pàdé ní Sydney. Ẹgbẹ̀rún ọgbọ̀n dọ́là ni wọ́n san fún Burns, ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni ti Johnson. Ní ìpele kẹrìnlá, àwọn ọlọ́pàá dá ìjà náà dúró nítorí ìyà tí ń jẹ Burns, adé sì bọ́ sí orí ọmọ ẹrú.

Ìgbà yìí ni ìfẹ́ rẹ̀ sí mọ́tò wá gbilẹ̀. Kí a rántí irú àkókò tí ó jẹ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 1908 ni Henry Ford gbé ọkọ̀ Model T jáde. Kí ó tó dìgbà náà, nǹkan ìṣeré àwọn ọlọ́rọ̀ pátápátá ni mọ́tò jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́rọ̀ náà kò sì lè wa ohun tí wọ́n rà, awakọ̀ ni wọ́n ń gbà. Johnson fẹ́ràn láti máa wa ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó a wọ ẹ̀wù olówó iyebíye, a dé fìlà, a fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, a sì jókòó sí ìdí ọkọ̀ bí ọba tí ó gun ẹṣin lọ sí òde. Kì í ṣe ọkọ̀ kan ni ó ń ní lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èyí bá ti sú u, a ra òmíràn, pàápàá èyí tí eré rẹ̀ bá pọ̀ jù. Èyí tí àwòrán rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Thomas Flyer tí ó ní agbára ẹṣin 90. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ yìí ni ọkọ̀ rẹ̀ ti borí ní 1908 nínú eré-ìje tí wọ́n sá láti New York gba Éṣíà dé Paris, ìrìn àjò tí ó lé ní oṣù márùn-ún. Lónìí, àwọn olówó a máa fi owó gọbọi wá irú àwọn ọkọ̀ ayé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kiri, wọn a nu wọ́n, wọn a sì fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ òrùlé kí òjò má baà pa wọ́n. Johnson kò fi tirẹ̀ pamọ́. Eruku ni ó ń fi wọ́n dá.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Nínú ọkọ̀ ojú irin, òṣìṣẹ́ tí kò tó o gbé fìlà lè wá sọ fún un pé kí ó dìde. Nínú ọkọ̀ tirẹ̀, òun ni ọ̀gá, òun ni ó mọ ibi tí ó ń lọ, kò sì sí yàrá dúdú tàbí yàrá funfun níbẹ̀. Ẹni tí a bí fún ẹni tí wọ́n rà tí wọ́n tà rí, ó yẹ kí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn.

Àwọn ọlọ́pàá kò fẹ́ràn èyí. Wọ́n a máa dá a dúró ní ìlú dé ìlú, wọn a ní eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọn a sì bu owó ìtanràn lé e. Òótọ́ ni pé eré rẹ̀ pọ̀. A kò lè pọ́n ọn lé lórí èyí, nítorí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin ni wọ́n pọ̀ jù lójú ọ̀nà nígbà náà. Àwọn ènìyàn máa ń pa á ní ìtàn pé nígbà kan tí wọ́n bu àádọ́ta dọ́là lé e, ó na ọgọ́rùn-ún sí ọlọ́pàá, ó sì sọ fún un pé kí ó mú gbogbo rẹ̀, nítorí pé bí òun ti ń lọ ni òun yóò ṣe máa sáré padà bọ̀. Bí ìtàn náà kò bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó jọ ìwà rẹ̀.

Àwọn funfun bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò gba adé náà padà fún wọn. Wọ́n bẹ James Jeffries, ẹni tí ó ti fi ìjà sílẹ̀ láti 1905 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni borí rẹ̀, pé kí ó jáde wá. Ọkùnrin náà ti di àgbẹ̀, ó sì ti sanra, ó ní láti jò kí ó tó lè bọ́ sójú agbo. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1910, ní Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada, níwájú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn, Johnson lu Jeffries mọ́lẹ̀ ní ìpele kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú bí àwọn funfun ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, wọ́n kọlu àwọn dúdú tí ń yọ̀, nǹkan bí ogún ènìyàn ni ó sì bá a lọ. Ní 1912, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ gbé sinimá ìjà ẹ̀ṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn mọ́.

Owó Reno jẹ́ kí Johnson rò pé kò sí ohun tí òun kò lè ṣe. Ó wá sọ pé òun yóò bá Barney Oldfield sá eré-ìje mọ́tò. Oldfield ni ìlú-mọ̀ọ́ká awakọ̀ eré-ìje ní Amẹ́ríkà; láti 1903 ni ó ti fi mọ́tò sá máìlì kan láàrin ìṣẹ́jú kan. Àjọ tí ń darí eré-ìje náà kìlọ̀ fún Oldfield pé kí ó má ṣe bá ènìyàn dúdú sá eré. Oldfield kò gbọ́, nítorí ó mọ̀ pé owó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 1910, wọ́n pàdé ní pápá Sheepshead Bay ní Brooklyn, àwọn tí ń ya sinimá sì wà níbẹ̀. Máìlì márùn-ún ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oldfield fi Johnson sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kìíní láìlàágùn, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ kejì. Agbára apá kò wúlò níbi tí a ti ń ṣẹ́ kọ̀nà lórí iyanrìn. Ohun tí Oldfield fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, kò sí bí ẹni tí ń fi mọ́tò ṣe fàájì ti lè kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Johnson gbà pé òun pàdánù. Oldfield tí ó borí ni wọ́n fi ìyà jẹ: àjọ náà dá a dúró nínú eré-ìje fún ìgbà kan.

Ilé Johnson kò tòrò. Ó fẹ́ obìnrin funfun, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kà sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó burú ju ìpànìyàn lọ. A kò sì ní fi ohun tí ó burú nínú ìwà rẹ̀ pamọ́: ó lu Etta, aya rẹ̀, ó sì ń bá àwọn obìnrin mìíràn rìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912, Etta fi ìbọn pa ara rẹ̀ ní Chicago. Kí ọdún náà tó parí, Johnson ti fẹ́ Lucille Cameron, ọmọbìnrin funfun mìíràn. Ìjọba wá lo òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1910 láti dá àwọn tí ń fi obìnrin ṣòwò aṣẹ́wó dúró, wọ́n sì fi kan Johnson nítorí obìnrin tí ó bá a rin ìrìn àjò fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1913, àwọn adájọ́ tí gbogbo wọn jẹ́ funfun dá a lẹ́bi, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti ọjọ́ kan. Ọdún 2018 ni ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, tó fọwọ́ sí ìwé ìdáríjì fún un, nígbà tí ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́rin tí ó ti kú.

Johnson sá gba Kánádà lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ọdún méje ni ó fi rìn kiri lẹ́yìn odi. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 1915, ní Havana ní ilẹ̀ Kúbà, Jess Willard, òmìrán ọkùnrin kan tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, lù ú ṣubú ní ìpele kẹrìndínlọ́gbọ̀n lábẹ́ oòrùn, adé sì lọ. Ó gbé ní Sípéènì, ó gbé ní Mẹ́síkò, ní oṣù Keje ọdún 1920 ó sì padà wálé fi ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n Leavenworth ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di oṣù Keje ọdún 1921.

Ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára mọ́tò nínú gbogbo wàhálà yìí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 1922, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí sípánà kan tí ó ro fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń sọ kiri pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe sípánà láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípánà ti wà tipẹ́ kí a tó bí i. Àtúnṣe ni tirẹ̀, bí a ti ṣe lè mú kí ẹnu irin náà di ohun tí a fẹ́ tú mú dáadáa. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, ó tún gba ìwé àṣẹ mìíràn, lórí ohun èlò tí kò ní jẹ́ kí olè rí ọkọ̀ gbé lọ. Mo rò pé ó yẹ kí a fún un ní iyì lórí iṣẹ́ méjì yìí ju bí a ti ń ṣe lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ra mọ́tò kó jọ kò mọ ju kí wọ́n jókòó sínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí tẹ orí ba wo ìdí ẹ̀rọ, ó sì ronú bí mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ ogbó dé, owó sì dínkù. Ó fẹ́ Irene Pineau ní 1925, òun ni wọ́n sì jọ wà títí dé òpin. Ó ń bá àwọn eléré kiri. Ní New York, ó ń jókòó nínú ilé ìran kan ní òpópónà kejìlélógójì, àwọn ènìyàn a san owó kékeré láti wá wò ó kí wọ́n sì gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní 1937, Joe Louis di ènìyàn dúdú kejì tí ó gba adé náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tọ́ Louis sọ́nà ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe hu ìwà bíi Johnson. Èyí dun àgbàlagbà náà. Nígbà tí Louis fẹ́ bá Max Schmeling, ará Jámánì, jà ní 1936, Johnson sọ ní gbangba pé Louis kò ní borí, ó sì fi owó ta tẹ́tẹ́ lé Schmeling lórí. Ó jẹ tẹ́tẹ́ náà, àwọn dúdú Amẹ́ríkà sì bínú sí i gidigidi. Síbẹ̀, kò sí ìgbà tí kò ní ọkọ̀, eré rẹ̀ kò sì dínkù.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1946, ó ń ti ìhà gúúsù bọ̀ nínú ọkọ̀ Lincoln Zephyr rẹ̀. New York ni ó ń lọ, láti wo ìjà tí Louis fẹ́ bá Billy Conn jà ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Òun ni ó ń wa ọkọ̀, ọkùnrin kan sì jókòó tì í. Ní North Carolina, ní ọjọ́ 10, wọ́n yà sí ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn onílé oúnjẹ náà kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n jókòó láàrin àwọn funfun, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni kí wọ́n ti jẹun. Johnson fi ìbínú jáde, ó wọ inú ọkọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi. Nítòsí ìlú Franklinton, ọkọ̀ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi kọ̀nà, ó sì kọlu òpó iná. Ọkùnrin tí ó jókòó tì í yè é. Johnson ni wọ́n sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn St. Agnes ní Raleigh, ilé ìwòsàn tí ó wà fún àwọn dúdú, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ náà.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Chicago, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ Graceland lẹ́gbẹ̀ẹ́ Etta. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, ọjọ́ kan náà tí ìkéde òmìnira dé Galveston ní 1865, Joe Louis lu Billy Conn dákú ní ìpele kẹjọ, níwájú ọ̀pọ̀ èrò tí Johnson ìbá wà láàrin wọn.